Ọ̀pá Ìwọ̀ Tí A Fi Apá Ọ̀rẹ́ Wọ̀n

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Houston tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìbejì. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí, etí ọ̀sà ló sì dàgbà sí. Bí iṣẹ́ kò bá dí i lọ́wọ́ ní Sátidé, Galveston ni ẹ ó ti bá a, nǹkan bí máìlì 50 sí ilé rẹ̀, níbi tó ti ń ju ìwọ̀ sínú òkun. Ní ìgbà òtútù tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí Sátidé méjì, mẹ́ta kọjá kí ó tó tún lọ. Èjìká ọ̀tún ń dùn ún. Ó ní ọjọ́ orí ni. Mo bá a lọ ní ọjọ́ kan, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ lórí òkúta ńláńlá tí wọ́n tò wọ inú òkun níbẹ̀, mo ń wo bí ó ṣe ń ju ìwọ̀, mo sì rí i pé ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń fìyà jẹ ẹ́. Ìdí ọ̀pá náà gùn ju apá rẹ̀ lọ. Rílì tó ń ká okùn jìnnà sí i, nítorí náà, kí ó tó lè jù ú, àfi kí ó na apá kọjá ibi tí apá ń dé, kí ó sì tún fi agbára lé e níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìdájí títí oòrùn fi mú, èjìká rẹ̀ á ké gbàjarè.

Ṣọ́ọ̀bù ló ti ra ọ̀pá yẹn, kò sì sí ohun tó ṣe é. Fún ẹni tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ọ̀pá gidi ni. Bàbá Ìbejì kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ bọ́síkọ̀rọ̀ ni: aṣọ náà lè dára, kí ó má ya níbì kankan, síbẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n rán an fún. Mo sọ fún un pé màá ṣe ọ̀pá kan fún un. Ó rò pé mo fẹ́ lọ rà á ni.

Tépù ìwọ̀n ni mo kọ́kọ́ mú, bíi télọ̀. Mo ní kí ó ki ìdí ọ̀pá àtijọ́ bọ abíyá, kí ó sì na apá síwájú wẹ́rẹ́, bí ẹni tó fẹ́ bọ èèyàn lọ́wọ́. Ibi tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá balẹ̀ sí láìfi ipá nà án, ibẹ̀ ni rílì yẹ kí ó wà. Lára ọ̀pá àtijọ́, ínǹṣì 19 ló wà láti ìdí dé ọrùn rílì. Ínǹṣì 15 ààbọ̀ ni apá rẹ̀ sọ. Ínǹṣì mẹ́ta ààbọ̀ ni èjìká rẹ̀ ti ń bá a san gbèsè rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ra ọ̀pá náà. Lẹ́yìn ìyẹn mo wo ọwọ́ rẹ̀. Tí èèyàn bá di èèkù mú, ó yẹ kí orí ìka àárín fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtẹ́lẹwọ́. Tí àlàfo bá pọ̀ láàárín wọn, èèkù ti tóbi jù, ọwọ́ á sì tètè rẹ ẹni tó mú un.

Àwọn ìbéèrè tó kù, a jókòó sọ wọ́n lórí àwo ẹ̀bà ni. Ẹja wo lò ń wá? Òjé tó wúwo tó báwo lò ń so mọ́ okùn? Ọwọ́ wo lo fi ń yí rílì? Orí òkúta lò ń dúró sí ni àbí inú ọkọ̀ ojú omi? Bàbá Ìbejì kò mọ̀ pé ìdáhùn òun lè yí ohunkóhun padà, ó sì ń dáhùn bí ẹni tó ń bá mi ṣe eré. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ń yan ọ̀pá náà nìyẹn. Ẹja tó ń wá ni èyí tí òyìnbó ń pè ní red drum, ẹja pupa tó ní àmì dúdú nídìí ìrù. Ẹbí kan náà ni òun àti kúrókà tí à ń jẹ ní Èkó. Wọ́n fi ìlù sọ ọ́ lórúkọ nítorí pé akọ rẹ̀ máa ń fi àpò atẹ́gùn inú rẹ̀ lù kìkì, kìkì, nígbà tó bá ń wá abo. Ní oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, àwọn ńlá inú rẹ̀ máa ń wá sí ẹnu òkun láti yé ẹyin. Bí ọ̀kan bá gbé ìwọ̀ mì lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọ̀pá ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ ló máa gbà á lọ́wọ́ omi.

Ìhòòhò ọ̀pá ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní blank: ọ̀pá gbọọrọ tí inú rẹ̀ ṣófo, tí kò tíì ní òrùka, tí kò tíì ní èèkù. Mo máa ń rà á ni. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n á gé aṣọ tí wọ́n fi fọ́nrán graphite tàbí ti gíláàsì ṣe, èyí tí wọ́n ti rẹ sínú oje, wọ́n á ká a mọ́ irin tó nípọn nídìí tó sì tín-ín-rín lókè, wọ́n á fi téèpù fún un pinpin, wọ́n á sì gbé e sínú ààrò. Tó bá ti jinná, wọ́n á fa irin náà yọ. Ohun tó mú kí ọ̀pá fúyẹ́ nìyẹn.

Tẹ́lẹ̀ rí, ọparun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá ìwọ̀ tó dára jù ní Amẹ́ríkà àti ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á là á sí tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà, wọ́n á fá a, wọ́n á sì tún lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di ọ̀pá kan ṣoṣo tó ní igun mẹ́fà. Agbègbè Guangdong ní Ṣáínà ni ọparun tí wọ́n fẹ́ràn jù ti ń wá. Nígbà tí Amẹ́ríkà ti ọ̀nà òwò mọ́ Ṣáínà ní 1950, ọparun náà wọ́n bí ojú, àmọ́ ọ̀pá gíláàsì ti wà lórí àtẹ ṣáájú ìgbà náà. Wonderod tí ilé iṣẹ́ Shakespeare ṣe wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Graphite dé tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ilé iṣẹ́ Fenwick ló sì gbé e dé ọwọ́ apẹja lásán. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún Bàbá Ìbejì, ó ní ọparun ni òun náà fi bẹ̀rẹ̀: èyí tí òun gé ní ẹ̀yìnkùlé, tí òun so okùn mọ́ lórí, láìní rílì, láìní òrùka. Ẹ̀pìyà ló sì fi ń mú.

Ohun méjì la fi ń yan blank. Èkíní ni agbára rẹ̀, ìyẹn bí ẹrù tó lè tẹ̀ ẹ́ ṣe tó. Èkejì ni ibi tó ti ń tẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé orí nìkan ló ń tẹ̀, ara tó kù á gan. Irú ìyẹn máa ń tètè sọ fún ọwọ́ pé ẹja ti fẹnu kan ìjẹ. Àwọn mìíràn ń tẹ̀ láti agbedeméjì. Ọ̀pọ̀ ẹni tí mo mọ̀ ló fẹ́ràn èyí tó gan, nítorí ó máa ń dà bí ohun alágbára lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. N kò fẹ́ ẹ fún ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀pá tó bá ń tẹ̀ dáadáa, òun fúnra rẹ̀ ló ń ju ìwọ̀. Èyí tó bá gan, èjìká ló ń jù ú. Mo mú blank graphite ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́jọ, odindi, tí kò ní ìpàdé láàárín, tó ń tẹ̀ láti ìdá kan nínú mẹ́ta tó wà lókè wá sí àárín bí ẹrù bá wúwo, tí agbára rẹ̀ sì tó okùn pọ́n-ùn 10 sí 20.

Kí gọ́ọ̀mù tó kàn án, a ní láti mọ ibi tó kọjú sí. Ṣé ẹ rántí pé aṣọ ni wọ́n ká? Ibi tí etí aṣọ náà ti gorí ara wọn máa ń le ju ibi tó kù lọ. Mo fi ìdí ọ̀pá lélẹ̀ lórí pákó tó ń dán, mo fi àtẹ́lẹwọ́ òsì gbé orí rẹ̀, mo fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ àárín, mo sì ń yí i. Á máa yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á ṣàdédé fò, á sì jókòó síbì kan bí ẹran tó rí ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo fi pẹ́ńsù funfun sàmì síbẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ kan kò ka èyí sí. Ibi tí ọ̀pá bá ti tọ́ jù lójú ni wọ́n máa ń to òrùka sí. Mo ti ṣe méjèèjì, mo sì gbà pé tí méjèèjì bá takora, ọ̀pá tó tọ́ ló yẹ kí a mú. Èyí tó wọ́ lójú á máa dun ẹni tó ni ín ní gbogbo ìgbà tó bá gbé e sókè.

Kọ́ọ̀kì ni mo fi ṣe èèkù. Èèpo igi ni, ilẹ̀ Potogí ló sì pọ̀ sí jù. Wọ́n á bó èèpo náà láìpa igi, á sì tó nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tó tún bó o. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju fọ́ọ̀mù lọ, nítorí kì í yọ̀ tí omi bá kàn án, kì í sì í tutù mọ́ni lọ́wọ́ láàárọ̀ kùtù. Rìbìtì-rìbìtì ni wọ́n ń tà á, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó ìdajì ínǹṣì, ihò sì wà láàárín. Mo lo 24 fún ẹ̀yìn rílì, mo lo mẹ́fà fún iwájú rẹ̀. Orí ọ̀pá la ti ń kì wọ́n wọlé, à ń tì wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá sídìí. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ń nípọn bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, nítorí náà ihò ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ tóbi ju ti èyí tó wà lókè rẹ̀ lọ. Mò ń fi fáìlì róbótó gbẹ́ ẹ, mò ń fi wò, mò ń yọ ọ́, mò ń tún fi wò. Ọjọ́ méjì gbáko ló gbà. Ẹni tó bá kánjú níbí, tó jẹ́ kí ihò tóbi, tó rò pé gọ́ọ̀mù á dí i, á gbọ́ bí èèkù yóò ṣe máa dún wíìn-wíìn lọ́wọ́ kí ọdún tó yí po.

Ìjókòó rílì ni mo máa ń bẹ̀rù jù. Inú rẹ̀ fẹ̀ ju ara ọ̀pá lọ dáadáa, a sì ní láti fi nǹkan kún àlàfo yẹn. Èmi a máa wé téèpù mọ́ ara ọ̀pá níbi mẹ́ta, màá fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn kí gọ́ọ̀mù epoxy lè rí ibi dì mú, màá sì rí i dájú pé gọ́ọ̀mù kún inú rẹ̀ kanlẹ̀. Àbàwọ́n ibẹ̀ kì í hàn lójú. Ọjọ́ tí ẹja ńlá bá ń fà ni ìjókòó á ṣí, rílì á sì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ gan, mo fi dírìlì yí ọ̀pá náà, mo sì fi sáńpépà mú kọ́ọ̀kì títí tó fi rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pe Bàbá Ìbejì wá dì í mú. Ní ẹ̀kẹta, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń gbé e sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀.

Ó ku òrùka. Òfin àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ni pé iye ẹsẹ̀ bàtà ọ̀pá ni kí òrùka jẹ́, kí a sì fi ọ̀kan tó wà lórí pátápátá kún un. Mẹ́jọ àti ọ̀kan ni tiwa. Okùn máa ń jáde lára rílì bí ẹni ń tú òwú lára kẹ̀kẹ́, ní ìyípo ńláńlá. Nítorí náà òrùka àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fẹ̀, kí ó sì ga, kí ó lè gba ìyípo yẹn, kí àwọn tó tẹ̀ lé e sì máa fún un díẹ̀díẹ̀. Mìlímítà 30 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo sì parí rẹ̀ sí mẹ́jọ. Inú wọn jẹ́ amọ̀ líle tó dán bíi dígí, nítorí okùn híhun tí wọ́n ń lò báyìí lè la irin bí ayùn. Kò sí ìwé tó lè sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò wà gan-an. Mo fi téèpù lẹ̀ wọ́n mọ́ra ọ̀pá ná, mo ki okùn bọ̀ wọ́n, mo so ìdí okùn mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo bu iyanrìn sí, mo sì gbé ọ̀pá sókè títí tó fi tẹ̀. Níbi tí okùn bá ti dá igun ṣíṣá dípò kí ó tẹ̀ lé bí ọ̀pá ṣe tẹ̀, mo sún òrùka. Bí mo ṣe ń sún ọ̀kan, àwọn méjì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ kí n sún àwọn náà. Alẹ́ ọjọ́ kan odindi ló bá a lọ, inú mi sì dùn sí i ju gbogbo iṣẹ́ tó kù lọ.

Òwú la fi ń di òrùka mọ́ ọ̀pá, òwú náílọ́ọ̀nù, kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Kí a tó dì í, a ní láti fi fáìlì irin yún ẹsẹ̀ òrùka títí tí ẹnu rẹ̀ á fi fẹ́lẹ́, kí òwú lè gùn ún láìkọsẹ̀. Lẹ́yìn náà à ń yí ọ̀pá, òwú ń wé e, ìlà kan ń sùn ti ìlà kejì láìfi àlàfo sílẹ̀ àti láìgun ara wọn. Tó bá ku bí ìgbà mẹ́fà, a ó fi okùn kékeré tí a ṣẹ́ po sí abẹ́ rẹ̀, a ó wé e bò ó, a ó gé òwú, a ó ki ẹnu rẹ̀ bọ inú okùn náà, a ó sì fà á wọ abẹ́. Kò sí kókó rárá.

Àwọ̀ ni mo ronú lé jù. Aṣọ etù ni Bàbá Ìbejì wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, mo sì rántí rẹ̀: dúdú tó jinlẹ̀ bí aró, ìlà funfun tín-ín-tín-ín nínú rẹ̀. Mo fi òwú aláwọ̀ aró wé gbogbo ẹsẹ̀ òrùka, mo sì la fọ́nrán kan péré tó jẹ́ àwọ̀ eérú sí etí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi ohun kan kún un tó jẹ́ ti ibi tó ti ń pẹja. Ní Texas, red drum tí kò bá tó ínǹṣì 20, a ó dá a padà sómi. Èyí tó bá lé ní 28, a ó dá a padà, àfi tí èèyàn bá lo tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lára láísẹ́ǹsì rẹ̀. Nítorí náà mo wé ìlà kan sí iwájú èèkù, mo wọn ínǹṣì 20 láti ibẹ̀, mo wé òmíràn, mo wọn 28, mo wé ẹ̀kẹta. Mo fi òwú pupa bí àlàárì ṣe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Á kàn tẹ́ ẹja náà ti ẹ̀yìn ọ̀pá ni, níbi tí kò sí òrùka, kò ní máa wá tépù kiri lórí òkúta tó ń yọ̀ pẹ̀lú ẹja tó ń jà lọ́wọ́. Mo sì fi bírò aláwọ̀ funfun kọ ọ́ sára: BÀBÁ ÌBEJÌ. Mo fi àmì ohùn sórí gbogbo rẹ̀, torí orúkọ tí kò ní àmì kò tíì dá mi lójú pé tirẹ̀ ni.

Epoxy ló ń bo gbogbo rẹ̀. Tó bá kan òwú náílọ́ọ̀nù gbẹrẹfu, á wọ inú rẹ̀, àwọ̀ á sì ṣókùnkùn; aró á di èédú, fọ́nrán eérú á sì pòórá. Oògùn kan wà tí a ń kọ́kọ́ fi pa òwú náà, tí a ó jẹ́ kí ó gbẹ, kí ìyẹn má baà ṣẹlẹ̀. Epoxy fúnra rẹ̀ jẹ́ omi méjì tí a ń pò pọ̀, ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n kan, láìsí díẹ̀ lé. Ọ̀pá àkọ́kọ́ tí mo ṣe láyé mi, ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, eruku sì bò ó, mo sì ní láti gé gbogbo òwú náà dànù. Láti ìgbà yẹn, síríǹjì méjì ni mò ń lò, ọ̀kan fún oje, ọ̀kan fún èyí tó ń mú un gan, n kì í sì í ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Mo pò ó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ó má baà hó, mo fi búrọ́ọ̀ṣì pa á, mo sì gbé iná fìtílà sípírítì kọjá lábẹ́ rẹ̀ fìrí. Ooru náà á mú kí àwọn ìfóófòó tó há sínú rẹ̀ bẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pá gbọ́dọ̀ máa yí, torí tó bá dúró lójú kan, epoxy á ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀, á sì di gọ̀gọ̀ níbẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń yí i ní nǹkan bí ìgbà mẹ́sàn-án láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo ti ilẹ̀kùn, mo pa fáànù, mo ní kí àwọn ọmọ má wọlé. Ó yí di òwúrọ̀. Mo tún pa á lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kejì, mo sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí n tó gbà kí ẹnikẹ́ni fà á.

Oṣù kẹsàn-án ni mo gbé e lé e lọ́wọ́, lórí òkúta Galveston, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ki ìdí rẹ̀ bọ abíyá, ó na apá, rílì sì bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó tan iná fóònù sí orúkọ náà, ó kà á, ó sì pa á. «Ìwọ yìí,» ló wí, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jù ú. Okùn ń sọ lọ láìdún, òjé sì kọjá ibi tó ti máa ń dé tẹ́lẹ̀. Oòrùn ti yọ dáadáa kí ohun kan tó gbé ìjẹ rẹ̀, ó sì tó ogún ìṣẹ́jú tí ó fi ń bá a jà, ọ̀pá tẹ̀ dé àárín, èjìká rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ níbi tó yẹ kí èjìká wà. A tẹ́ ẹja náà ti ọ̀pá, a pa ẹnu rẹ̀ dé, a fún ìrù rẹ̀ pọ̀. Ó lé ní ìlà kẹta. Bàbá Ìbejì gbé e sọ̀kalẹ̀ sínú omi, ó di ìrù rẹ̀ mú títí tó fi mí dáadáa, ó sì jẹ́ kí ó lọ.

Nígbà tó tún ju ìwọ̀, tó ń dúró, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó fi rílì sílẹ̀, ó sún ọwọ́ ọ̀tún lọ sókè, ó sì gbé ìka ìfábẹ̀lá lé ara ọ̀pá gan-an, níwájú kọ́ọ̀kì, níbi tí ọ̀pá ti wà ní ìhòòhò, kí ó lè gbọ́ ẹja. N kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Lára ọ̀pá àtijọ́, apá rẹ̀ kò lè dé ibẹ̀. Tí èèkù iwájú bá kúrú sí i, ìka yẹn á kan ọ̀pá láìjẹ́ pé ó fi rílì sílẹ̀. Mo ní kí ó bá mi gbé ọ̀pá náà padà wá sílé ní ọjọ́ Ajé. Ó bi mí pé kí ló ṣe é. Mo ní kò ṣe nǹkan kan, rìbìtì kọ́ọ̀kì méjì ni mo fẹ́ gé kúrò lára rẹ̀.